Ìgalà tí Adéríbigbé Dúńbú

Ní Ìkòyí-Ilé, awọ kì í kúrò lára ẹran ìgbẹ́. Iná ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi ń wì í. Wọn a dáná igi emi, wọn a tẹ́ ẹtu tàbí ìgalà lé e, wọn a máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí gbogbo irun rẹ̀ yóò fi jó tán. Wọn a wá fi ọ̀bẹ ha á, wọn a fi ewé ẹ̀pin fọ̀ ọ́ títí awọ yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Awọ yẹn gan-an ni ọmọdé ń jà sí nínú ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Adéríbigbé, ọdẹ Ìkòyí-Ilé tó fi Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ilé, ti í ṣe é kó tó di Aládùúrà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe é lẹ́yìn tó di Aládùúrà tán. Ohun tí ìjọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ọfọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ lọ. Ọfọ̀ tó ń pè sí ìbọn, ó fi Sáàmù rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń gbè sínú igbá kí wọ́n lè sè é mọ́ ìfun, ó ń dà á sílẹ̀ fún ilẹ̀ mu.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àníkẹ́. Ní Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ni ìyá Àníkẹ́, Dorcas, ti ń ta ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, Àníkẹ́ sì ń bá a tà á. Ibẹ̀ ni Mùílì bá wọn. Oníṣẹ́ awọ ni Mùílì, ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ń rán àpò àti bàtà àti ìtìmùtìmù. Awọ ìgalà ló ń wá kiri. Adéríbigbé wà níjókòó lọ́jọ́ náà, ó sì wo ọmọkùnrin náà tìyanu-tìyanu.

"Awọ lẹ fi ń ṣe bàtà ní Ọ̀yọ́?" ó ní. "Ibi tó dùn jù lára ẹran lẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn."

Mùílì dọ̀bálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bàtà wa ni ẹ̀yin náà ń jẹ, Bàbá."

Adéríbigbé fẹ́ràn èsì yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá pa ìgalà, kì í wì í mọ́. Yóò bó awọ rẹ̀, yóò fi iyọ̀ àti eérú pa á, yóò tọ́jú rẹ̀ de Mùílì. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bí Mùílì bá sì dé, wọn a gbé iyán síwájú rẹ̀, òun àti Adéríbigbé a jọ máa fa ẹran gbígbẹ ya nínú abọ́ kan náà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ awọ fi di ọ̀rọ̀ ìyàwó. Dorcas sunkún pé ọmọ òun ń lọ sílé ìmàle. Adéríbigbé ní ọmọkùnrin tó lè fèsì fún àgbà láì rí àgbà fín kò ní fi ìyà jẹ ọmọ ẹni. Ọdún tí Ọbabìnrin Ìlú Òyìnbó wá sí ilẹ̀ wa ni Àníkẹ́ lọ sílé ọkọ.

Kò sí ẹni burúkú nílé ọkọ náà. Hajarat, ìyá Mùílì, opó ni, ó gba Àníkẹ́ tọwọ́ tẹsẹ̀, kò sì fi tipátipá mú un kírun. Alfa Ọládipúpọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá Mùílì, ni baálé. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Àníkẹ́ rò pé òun ti balẹ̀ síbi ire.

Ọjọ́ kan ni Mátíù awakọ̀ dé. Ọmọ ìjọ Adéríbigbé ni Mátíù, lọ́rì rẹ̀ ló ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, bí kò bá sì sí ẹrù, òun ni í máa bá Adéríbigbé wọ igbó. Ó gbé odindi ẹtu gbígbẹ kan wá, wọ́n ká a po, wọ́n fi igi gún un, ó dúdú bí èédú. Inú Àníkẹ́ dùn débi pé kò lè jókòó. Ó fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, ó fi ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ yánrin sè é gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é. Òórùn èéfín náà gba gbogbo agbo ilé. Ó bù ú fún tọmọdé tàgbà.

Hajarat ṣí abọ́ tirẹ̀. "Òórùn yìí dára. Ẹran kí nìyí, ìyàwó mi?"

"Ẹtu ni, Màmá. Bàbá mi ló fi ránṣẹ́."

"Ọlọ́run á san án fún wọn. Ta ló dúńbú rẹ̀?"

Ìbéèrè náà kò yé Àníkẹ́. "Ìbọn ni wọ́n fi pa á, Màmá."

Hajarat rọra dé abọ́ náà padà. Ojú rẹ̀ kò korò. "Ẹran tó bá kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, òkúǹbete là ń pè é. A kì í jẹ ẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, àwa la ò sọ fún ọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba abọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mùílì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbẹ̀. Ó ti jẹ irú ẹran yìí nílé bàbá ìyàwó rẹ̀ láìmọye ìgbà, ó ti lá ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Àníkẹ́ retí títí kó sọ̀rọ̀, òun náà kò sì tú àṣírí rẹ̀ fó. Wọ́n gbé ìkòkò náà tọbẹ̀tọbẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ọjà pé, Hajarat ra ìkòkò tuntun fún un, èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìkòkò tuntun kò sì pa ọ̀rọ̀ náà. Mùínàt, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Mùílì, aláwàdà ni. Ó sọ ọ́ di àṣà pé bí Àníkẹ́ bá ti ń dáná, òun yóò yọjú, yóò fọwọ́ bo imú rẹ̀, yóò ní, "Ṣé kò sí ẹran ìbọn níbẹ̀ lónìí?" Àwọn ọmọ a rẹ́rìn-ín, Àníkẹ́ náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n eré tí wọ́n ń fi ẹnì kan ṣoṣo ṣe lójoojúmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń di egbò. Ó di pé bó bá se oúnjẹ, ẹlòmíràn á ní òun ti yó.

Alfa Ọládipúpọ̀ ló kíyè sí i pé ó ń rù. Ó pè é.

"Ìyàwó, kì í ṣe ẹran ìgbẹ́ là ń sá fún. Ìgalà ń jẹ koríko bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ẹ́. Ikú tó kú là ń wò. Bí bàbá rẹ bá bá a láàyè, tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́fun, tó pe orúkọ Ọlọ́run, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jáde, a ó jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà ní Tírà, ìwé Ọlọ́run, a sì ń jẹ ẹran tí ẹ bá dúńbú."

Ọ̀rọ̀ yìí tù ú lára gidigidi. Nígbà tó lóyún, tó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ó rò ó fún bàbá rẹ̀. Adéríbigbé fetí sílẹ̀, ó ń nu ẹnu ìbọn rẹ̀.

"Láàyè," ó ní. "Mo ti ń ṣọdẹ kí n tó mọ ìyá rẹ. Ìbọn kì í mú nǹkan láàyè, Àníkẹ́."

"Kí wọ́n jẹ ẹran tiwọn," Dorcas dá a lóhùn láti ìdí ààrò. "A kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ tiwa."

"Mi ò ní kí ẹ mú un wá, Bàbá," Àníkẹ́ ní. "Mo kàn ń sọ ohun tí Alfa wí ni. Ó kàn ń dùn mí pé wọ́n ń fọwọ́ bo imú nídìí ìkòkò mi."

Adéríbigbé gbé ìbọn rẹ̀, ó dìde. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ rò, ọ̀rọ̀ imú tí wọ́n ń fọwọ́ bò yẹn ni ó gbé dání wọ yàrá.

Obìnrin ni Àníkẹ́ bí. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìdáhùn sì padà wá pé Adéríbigbé yóò wá síbi ìsọmọlórúkọ, kò sì ní wá lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó ku ọ̀la, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, lọ́rì Mátíù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mátíù nìkan ló sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ìgalà ńlá kan kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, ó fi ewé gbòòrò bò ó. Wọn kò wì í. Gbogbo irun rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ìfun rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti kó jáde. Ọ̀fun rẹ̀ là gbàgà.

"Bàbá yín ní kí n gbé e wá," Mátíù sọ fún Àníkẹ́ tó yọjú sí ẹnu ọ̀nà iyàrá. "Wọ́n ní kí n sọ fún gbogbo ilé pé wọ́n dúńbú rẹ̀ láàyè, pé wọ́n pe orúkọ Ọlọ́run. Ẹran náà ṣì ń ṣẹ́jú nígbà tí ọ̀bẹ kàn án. Ojú mi ló ṣe. Wọ́n ní awọ rẹ̀ ti ọkọ yín ni."

"Bàbá fúnra wọn dà?"

"Ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀." Mátíù kò wo ojú rẹ̀.

Ọkàn Àníkẹ́ kún fún ayọ̀ débi pé kò yẹ èsì náà wò. Àwọn ará ilé jáde wá. Hajarat tẹ̀ síwájú, ó bojú wo ọ̀fun ẹran náà, ó mi orí pé ó dára. Mùínàt ló yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tó rí ibi tí ọta ti wọlé.

"Ìbọn rèé," ó ní. Kò fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Àlejò kan wà nílé lọ́jọ́ náà, alfa àgbà kan láti ẹ̀yìn odò tó wá fún ìsọmọlórúkọ. Òun ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún, òun sì ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Mátíù.

"Wọ́n yìn ín níbọn, lẹ́yìn náà wọ́n dúńbú rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n yìn. Kò tíì kú."

"Ta ló bá ọ rí i?"

"Èmi àti ẹni tó dúńbú rẹ̀."

"Níbo ni ẹni tó dúńbú rẹ̀ wà? Ọmọ ọmọ rẹ̀ là ń sọ lórúkọ. Kí ló dá a dúró tí kò fi wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

Mátíù ṣí fìlà orí rẹ̀. Adéríbigbé ti mú un búra pé kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan títí ọmọ yóò fi gba orúkọ, kí ìbànújẹ́ má bàa wọ ọjọ́ náà. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa fìlà rẹ̀, òógùn bò ó. Ẹni tó bá rí i nígbà yẹn yóò sọ pé irọ́ ló ń pa.

"Ohun tó bá ń ṣeni ní iyèméjì," alfa àgbà náà ní, "ká fi í sílẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀."

Alfa Ọládipúpọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wo àlejò rẹ̀, ó wo ẹran, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Wọ́n ní kí Mátíù gbé e padà fún àwọn tó ń jẹ ẹ́. Mátíù ní òun kò lè gbé e padà. Bí ìgalà náà ṣe sùn sábẹ́ igi máńgòrò nìyẹn. Mùílì nìkan ló jókòó tì í, ó fi ọ̀bẹ rẹ̀ bó awọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó na án sórí pákó. Àníkẹ́ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

"Awọ rẹ̀ dára, ẹran rẹ̀ ni kò dára?" ó ní.

"Omi èèpo igi tí a fi ń ṣe awọ ló ń sọ ọ́ di mímọ́." Mùílì kò gbójú sókè. "Àníkẹ́, mo gbà pé bàbá dúńbú rẹ̀."

"Ta lo sọ ọ́ fún?"

Mùílì fa etí awọ náà, ó kàn án mọ́ pákó.

Ní òwúrọ̀, wọ́n pa àgbò, wọ́n sọ ọmọ náà ní Marufat, àwọn alfa ṣe wàásù, àlejò jẹun. Afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn bọ̀ láti abẹ́ igi máńgòrò, ó di dandan kí wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin méjì lọ gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n ti ń bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó ni Mátíù wọlé tọ Àníkẹ́, tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí obìnrin.

"Ẹ gbé ọmọ, ká lọ. Bàbá ń kú lọ."

Inú lọ́rì ló ti rò ó fún un. Ní etí odò ní Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ti bá ìgalà náà, ó dúró ní gbangba, ó fi àyà kọ wọ́n. Ọmọdé lè pa á. Adéríbigbé rẹ ẹnu ìbọn wálẹ̀, ó yìn ín lẹ́sẹ̀. "Mo ní, Bàbá, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní rárá. Wọ́n sọ ìbọn sílẹ̀, wọ́n fa ọ̀bẹ yọ, wọ́n sáré tọ̀ ọ́. Ẹran tó rí i pé òun kò lè sá mọ́, ó máa ń yíjú padà ni. Ìwo rẹ̀ wọ̀ wọ́n lábẹ́ ìhà. Wọn kò fà á yọ. Wọ́n di ìwo náà mú síbi tó wà nínú ara wọn, wọ́n pe Ọlọ́run, wọ́n fi ọwọ́ kejì dúńbú rẹ̀. Nígbà tí mo dé bẹ̀, mi ò mọ ẹ̀jẹ̀ ẹran yàtọ̀ sí tiwọn." Ó ní wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà rán ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n dókítà náà ní ohun tó bàjẹ́ nínú lọ́hùn-ún ju ohun tí abẹ́rẹ́ lè rán lọ. Adéríbigbé ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Ó tún ní kí Mátíù gbé ẹran lọ sí Ọ̀yọ́ kó má bàa bàjẹ́.

Àníkẹ́ kò sunkún nínú lọ́rì. Ọmọ ń mu ọmú, òun ń wo ọ̀nà.

Ó bá bàbá rẹ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú, Dorcas ń fẹ́ ẹ. Ó mọ ẹni tó wọlé.

"Gbé e wá."

Àníkẹ́ tẹ́ ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ ọ́?"

"Marufat ni, Bàbá."

Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu, ó di "Mórúfá". "Ó dáa. Èmi ó máa pè é ní Títílọlá. Bí wọn ò bá ní bínú."

"Wọn ò ní bínú."

Ó sinmi. Mímí rẹ̀ ń hàn bí ẹni ń fa igi gbígbẹ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé wọ́n jẹ ẹ́?"

Mátíù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yíjú síta.

"Wọ́n jẹ ẹ́, Bàbá."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Àyà ni wọ́n ní kí n bù fún àwọn."

"Báwo lẹ ṣe sè é?"

Àníkẹ́ jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu se ẹran tó ti wà nínú kòtò. Ó ní àlùbọ́sà ni wọ́n kọ́kọ́ fi bọ̀ ọ́, pé Mùínàt ló gún ata, pé Alfa ní kí wọ́n tún bu omi ọbẹ̀ sí i fún òun. Ó ní àwọn ọmọ ń jà sí eegun. Adéríbigbé ń gbọ́, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fún lóúnjẹ.

"Kò ní ní adùn iná nínú," ó ní. "Ẹran tí a kò wì."

"Ó dùn, Bàbá."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló kú, nígbà tí Dorcas lọ pọn omi. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí ilé dákẹ́, Dorcas bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n jẹ ẹ́?" Àníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so. Dorcas ní, "Mo mọ̀," ó sì dìde lọ palẹ̀ àtẹ rẹ̀ ní Takie mọ́. Kò bú ọmọ rẹ̀, kò sì bá a jẹun mọ́ títí tó fi kó lọ sí Ìkòyí-Ilé.

Mùílì wá kí wọn, òun àti Hajarat àti Alfa. Hajarat sunkún tọkàntọkàn, ó di Dorcas mú, Dorcas sì jẹ́ kó di òun mú. Àwọn ọdẹ gbé iyán àti ẹran gbígbẹ síwájú àlejò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mùílì na ọwọ́ sí abọ́ náà níṣojú ìyá rẹ̀, ó mú ẹran, ó jẹ ẹ́, omijé ń bọ́ sí i. Hajarat yí ojú sápá kan bí ẹni tí kò rí i. Àníkẹ́ rí i. Ó wá nínú ara rẹ̀ bóyá òun yóò rí ọpẹ́, ó wá ìbínú, kò bá ọ̀kankan níbẹ̀.

Ó padà sí Ọ̀yọ́, nítorí ilé bàbá ọmọ ni ọmọ í gbé. Wọ́n ń kẹ́ ẹ. Mùínàt ń bá a fọ aṣọ ọmọ. Awọ ìgalà náà wà lórí pákó títí kòkòrò fi jẹ ẹ́. Mùílì kò lè fọwọ́ kàn án, kò sì lè sọ ọ́ nù.

Nígbà tí òjò ti fẹ́ kásẹ̀ ńlẹ̀, Alfa Ọládipúpọ̀ dé láti Ìlọrin. Ó bá Àníkẹ́ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà nínú àgbàlá, ó sì jókòó sórí àpótí, ohun tí kì í sábà ṣe.

"Mo gbé ọ̀rọ̀ ìgalà yẹn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ jù wá lọ," ó ní. "Wọ́n ní ẹlẹ́rìí kan tó ṣeé gbà gbọ́ ti tó. Wọ́n ní ẹran náà mọ́. Ó yẹ ká ti jẹ ẹ́."

Àníkẹ́ yọ òkúta kékeré kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ní.

Alfa jókòó síbẹ̀ díẹ̀ sí i, bí ẹni ń retí kí wọ́n bú òun. Nígbà tí kò rí i gbà, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì lọ kírun ìrọ̀lẹ́.